Ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ Síléèwé

Èmi ni mo sọ prínsípà wa di kọnsọ́tàǹtì. Ẹ má wo pé mi ò parí ìwé. Obìnrin tí gbogbo iléèwé ní Ikosi ń bẹ̀rù, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wúkọ́ lókè, àwa tá a wà nísàlẹ̀ á ti ki ṣẹ́ẹ̀tì wa bọ ṣòkòtò, èmi ni mo yọ wọ́n kúrò lórí àga ọ̀gá tí mo ní kí wọ́n lọ máa kọ́ àwọn tíṣà káàkiri Èkó. Ó dáa, kí n tó jẹ irọ́ yó: gbogbo ohun tí mo ṣe nínú ẹ̀ ò ju pé mo purọ́, wọ́n nà mí, mo sá lọ. Ìyókù, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe é.

Irọ́ náà rèé. Ajégunlẹ̀ là ń gbé, Ajégunlẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ Owódé Onírin, níbi tí odò ti máa ń wọlé wá bá èèyàn láì kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tẹ́nikẹ́ni bá bi mí níléèwé, ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mo tún fún ilé náà ní nọ́ńbà. Èmi nìkan sì kọ́. Àwa ọmọ Ajégunlẹ̀ pọ̀ níléèwé yẹn bí eṣú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣí rẹ́jísítà, ẹ ò ní rí ẹyọ ẹnì kan. Alápẹ̀rẹ̀ kún, Kétu kún. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ kọ Mẹ́ńdè, àdúgbò àwọn olówó, a fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi padà sí Kétu.

Ohun tó fà á ni pé tí wọ́n bá mọ̀ pé Ajégunlẹ̀ lo ti ń bọ̀, wọ́n á máa pè ọ́ lọ́mọ ọ̀pọ̀lọ́. Tó o bá ń kọjá, kíláàsì á lóṣòó, wọ́n á máa fò, wọ́n á máa ké kọ̀ọ́kọ̀ọ́ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ má bi mí lẹ́ni tó dá àṣà yẹn sílẹ̀. Èmi ni. Mo dá a sílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà fura sí mi.

Láàárọ̀, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi, sàńdáàlì àti ìbọ̀sẹ̀ á wà nínú ọ̀rá dúdú. Tá a bá gúnlẹ̀, a ó nu ẹsẹ̀, a ó wọ bàtà, a ó wá túká. Ẹnì kan á gba ọ̀hún, ẹnì kejì á dúró díẹ̀ ná, kí wọ́n má baà rí wa pọ̀ kí wọ́n mọ ibi tá a ti ń jáde bọ̀. Àwọn olè gan-an ò létò tó wa.

Ní ti Mummy prínsípà, Mẹ́ńdè ni wọ́n ń gbé ní tòótọ́, ní ẹsitéètì tó ní géètì àti mégádì. Kí wọ́n tó dé iléèwé wa, aago mẹ́wàá làwọn ọmọ ń wọlé, tàwọn ti àgbálùmọ̀ lẹ́nu. Wọ́n dé, wọ́n ní kí wọ́n ti géètì ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pé ẹni tó bá pẹ́, ẹgba mẹ́fà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ẹ̀ tò bíi ti ìwé ìkọ̀wé. Ẹ jẹ́ n má purọ́ mọ́ wọn: iléèwé náà gún régé. Àwọn òbí ń yìn wọ́n. Ìyá mi tó ń ta tòmátò ní Máìlì Twẹ́lìfù máa ń fi wọ́n bú mi pé, "Prínsípà yín nìkan ló mọ̀wà ẹ."

Lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, òjò ò rọ̀ rárá. Láti òkè odò lomi ti wá. Ìyá mi ti lọ sọ́jà láti ìdájí, ó ku èmi àti ìyá àgbà nílé, ẹsẹ̀ ìyá àgbà ò sì gbé wọn dáadáa. Mo ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tí bẹ́ẹ̀dì ń rìn lórí omi. Mo pọn ìyá àgbà sẹ́yìn, mo wọ́ omi títí mo fi gbé wọn dé ilé alájà tó wà níwájú. Lẹ́yìn náà mi ò mọ ohun tó kù kí n ṣe. Ibi tó gbẹ tí mo mọ̀ láyé ò ju iléèwé lọ, mo bá lọ síléèwé.

Nígbà tí mo débẹ̀, géètì ti tì. Uncle Máàtì, tíṣà kíláàsì wa tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pàṣán wà lọ́wọ́ wọn. Mummy prínsípà náà dúró síbẹ̀. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Níbo lò ń gbé?"

"Alápẹ̀rẹ̀, ma."

"Òjò rọ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀?"

Mo wòkè. Oòrùn ń ràn bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. "Rárá, ma."

"Kí ló wá rẹ ọ́ dé àyà?"

Ẹ rí i, ibẹ̀ yẹn ni ọmọ gidi ti máa sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tá a jọ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, wọ́n na etí. Mo ní, "Kànga ni mo jìn sí, ma."

Gbogbo ìlà pa ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi. Mummy prínsípà gba pàṣán lọ́wọ́ Uncle Máàtì. "Mẹ́fà fún pípẹ́. Mẹ́fà fún irọ́."

Mo ń bá wọn kà á sókè bíi kọ́ńdọ́ dáńfó tó ń ka owó, pé ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí mo ka ẹ̀jọ tán, mo fo ẹ̀sán, mo ní ẹ̀wá. Uncle Máàtì ní, "Ẹ̀sán ló kàn." Ọkùnrin yẹn ò lè fara da ìṣirò tí ò pé, kódà lórí ìdí ọmọ ọlọ́mọ.

Mo wọ kíláàsì, mo jókòó, mi ò lè jókòó. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Tí ẹnì kan bá fa àga, mo ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Kí wọ́n tó jáde fún bíréèkì mo ti fo fẹ́ǹsì, mi ò sì padà lọ́jọ́ kejì, mi ò padà lọ́jọ́ kẹta.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé lẹ́yìn ìyẹn. Mo bá ìyá mi ta tòmátò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kọ́ṣẹ́ gẹ́rígẹ́rí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo gẹ orí oníbàárà kan dé ìdajì, mo jáde lọ mí síta, mi ò padà. Ọkùnrin yẹn á ṣì máa wá mi. Mo kọ́ fọkanáísà, mo kọ́ télọ̀, mo ta CD lábẹ́ bíríìjì Kétu. Ọ̀gá télọ̀ ní ìdí mi dà bí ẹni tí wọ́n fi ata kùn. Kò purọ́. Níbi tí mo bá jókòó, ẹnu ọ̀nà ni mo máa kọ́kọ́ wá. Tí mo bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ kan ni mo máa kọ́kọ́ sọ kalẹ̀ láti fi wò ó bóyá ilẹ̀ gbẹ. Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń jí nìyẹn.

Ó tó oṣù kan tí mo ti sá nígbà tí Mummy prínsípà wá mi. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà ilé tí mo dá sílẹ̀ wá mi láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá mégádì iléèwé ló padà ṣàánú wọn, tó ní, "Mummy, àwọn tẹ́sẹ̀ wọn máa ń tutù yẹn, ọ̀nà odò ni wọ́n ń gbà wá." Ni wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi, tàwọn ti síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro àti báàgì lọ́wọ́. Omi ò tíì fà tán nílé wa. Látojú fèrèsé ni mo ti rí wọn tí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí. Mo bá fò jáde láti fèrèsé kejì, mo bọ́ sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò kan ṣoṣo tó gbẹ nílé wa. Akọni ni mí.

Omi mu mí dé ìbàdí. Mo fara ti ògiri, mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ẹ jókòó, ma," ìyá àgbà wí. "Orí tábìlì ló gbẹ."

Mo gbọ́ tí tábìlì dún. Prínsípà wa jókòó sórí tábìlì! Ẹni tó fún wa lẹ́gba nítorí pé a jókòó sórí dẹ́sìkì.

Wọ́n ní, "Màmá, ọmọ yín ò wá síléèwé mọ́."

"Ó ní ojú ń kán òun láti ríṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni o. Lọ́jọ́ tómi dé, òun ló pọ̀n mí jáde. Kì bá ṣe tiẹ̀ ni, ẹ̀yin ì bá máa bá òkú sọ̀rọ̀."

"Ọjọ́ wo nìyẹn, ma?"

Ìyá àgbà sọ ọjọ́ náà fún wọn.  Prínsípà ní, "Ọjọ́ yẹn ni mo nà án."

"Ẹ nà án? Kí ló ṣe?"

"Ó ní Alápẹ̀rẹ̀ lòun ń gbé."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Alápẹ̀rẹ̀! Ẹ wo ìgárá ọmọ! Ẹ bá mi fún un sí i!"

Ṣùgbọ́n Mummy prínsípà ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí pé mo gbé wọn bí ẹyin, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo fẹsẹ̀ wọ́ omi lọ.

Ọdún méjì kọjá. A gbọ́ pé wọ́n ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kó tó tó àkókò, igbákejì wọn sì ti gorí àga. Àwọn kan ní ìwé ti yí wọ́n lórí. Àwọn kan ní wọ́n ti lọ sókè òkun. Èmi wà ní Kétu nígbà náà, lábẹ́ agboòrùn, mò ń fi fóònù pe ìpè fáwọn èèyàn, iṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi nìyẹn, torí pé ìta gbangba ni, mo sì lè dìde nígbà tó bá wù mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí bàtà kan níwájú tábìlì, mo gbójú sókè díẹ̀, mo bá wọ abẹ́ tábìlì.

"Jáde," wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ ẹ ń hàn."

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán, ma. Àwọn ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ ń kí yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n léyín ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n sì sọ bó ṣe jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n jókòó sórí tábìlì wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ọmọ tó bá pẹ́ ní ohun tó dá a dúró, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kan kún, wọ́n ra òmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ń lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ìrònú àti èrò ọkàn, wọ́n ń kọ́ bí ohun tó bá ba ọmọ lẹ́rù ṣe máa ń jókòó sára ẹ̀ tí ò ní jáde, tí ọmọ náà á máa sùn ní kíláàsì, tàbí kó máa jà, tàbí kó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n wò mí. Mo wo ọ̀nà ibòmíràn.

"Iṣẹ́ mi nìyẹn báyìí. Iléèwé bá pè mí, màá lọ fi han àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe máa bi ọmọ léèrè kí wọ́n tó na ọwọ́ sí pàṣán."

"Ẹ wá ti pa ọ̀rọ̀ ẹgba mẹ́fà ti iléèwé wa rẹ́ lára ògiri nìyẹn, ma?"

Wọ́n wo báàgì wọn. "Kò ì pa rẹ́. Mo fẹ́ pa á rẹ́ kí n tó kúrò, àwọn tíṣà bi mí pé kí ló dé. Ojú tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀ wọ́n láti ìgbà náà pé kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti gbà báyìí, ní Tọ́sìdeè, wákàtí kan péré. Tí wọn ò bá gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní pè mí mọ́, àwọn ọmọ yẹn á sì máa jẹ ẹgba tí mo fọwọ́ mi kọ lọ." Wọ́n gbé ojú sókè. "Màá sọ tèmi. Mo fẹ́ kó o wá sọ tìẹ, tó bá wù ọ́. Tí kò bá wù ọ́, kò sí ìjà."

Kò wù mí. Mo ní ó wù mí. Kó tó di alẹ́ mo ti sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ wà lábẹ́ bíríìjì pé ìjọba ti gbà mí síṣẹ́ kọnsọ́tàǹtì. Mo yá ṣẹ́ẹ̀tì, mo yá táì. Táì náà ní àwòrán adìyẹ lára.

Ní Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìjádé, àwọn tíṣà jókòó sí yàrá wọn bí ẹni tí wọ́n mú lóǹdè. Prínsípà tuntun wà lẹ́yìn, wọ́n ń wo aago. Mummy dúró níwájú, wọ́n sọ tiwọn láì fi bò: ọjọ́ náà, ẹgba méjìlá náà, tábìlì náà.  Wọ́n wá ní kí n máa bọ̀.

Mo dìde, mo rí gbogbo ojú wọn, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ni mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Mo ní omi náà ga ju òrùlé lọ. Mo ní ọ̀nì gbé mi ní bàtà kan, pé mo gbá a lójú, ó dá a padà. Àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń lu dẹ́sìkì, inú mi ń dùn, mo fẹ́ mú erinmi wọnú ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ wo ojú Mummy.

Uncle Máàtì dìde. "Ẹ jọ̀wọ́ ma, ẹ má bínú. Èmi ni mo ni kíláàsì ọmọ yìí. Alápẹ̀rẹ̀ ló wà nínú rẹ́jísítà. Kò sí odò ní Alápẹ̀rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọ̀nì. Òpùrọ́ lẹ jẹ́ kó tì yín kúrò níbi iṣẹ́."

Ẹ̀rín náà yí padà. Ẹnì kan ti ń kó ìwé sínú báàgì. Prínsípà tuntun tún wo aago. Mummy kàn mú ẹfun lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá rí i pé èmi ni mò ń bá wọn bà á jẹ́, lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, "Uncle, ẹ jókòó, sà. Òótọ́ lẹ sọ. Kò sí ọ̀nì." Mo bọ́ táì adìyẹ, torí pé ó ń fún mi lọ́rùn. "Ajégunlẹ̀ ni mò ń gbé. Èmi náà ni mo dá ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rántí bí wọ́n ṣe ń fò, èmi ni. Ìyá mi àgbà ń sọ fún gbogbo ayé pé mo pọ̀n wọ́n bí ẹyin. Mi ò pọ̀n wọ́n bí ẹyin. Ní ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ mi yọ̀. Mo jù wọ́n sílẹ̀. Wọ́n rì. Mo ń fọwọ́ wá wọn nínú omi, mi ò rí wọn, mo rí aṣọ orí wọn, mi ò rí wọn. Ó pẹ́ kí n tó rí wọn. Wọn ò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sọ ọ́ rí. Lẹ́yìn náà mo wá síléèwé, Mummy bi mí pé kí ló rẹ mí, mo ní kànga. Ẹgba kọ́ ló lé mi lọ. Tí mo bá ti jókòó, ó máa ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ mi ń yọ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi kí n kúkú dá ọ̀nì náà padà.

Uncle Máàtì ò tíì jókòó. Wọ́n ní, "Ó ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ẹni tó bá ń gbé Ajégunlẹ̀, tó bá jí laago mẹ́rin, tó sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ọkọ̀ bàbá elẹ́ja, á dé kí wọ́n tó ti géètì. Ọkọ̀ kejì ló máa ń dúró de èrò. Kí wọ́n má wọ ọkọ̀ kejì."

Ẹnu mi ò dúró, kò dúró rí. "Uncle, báwo lẹ ṣe mọ bàbá elẹ́ja?"

 Tíṣà obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Ṣebí Alápẹ̀rẹ̀ lẹ ní ẹ̀ ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ," Uncle Máàtì wí.

Nígbà náà ni mo rántí pé ní gbogbo ìgbà tí mò ń sá fún wọn lẹ́yìn ìjádé, kí wọ́n má baà ní ká jọ máa lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, wọn ò ní ká jọ lọ rí. Mo rò pé ọgbọ́n mi ni.

Mummy bi wọ́n jẹ́jẹ́, "Bàtà yín ńkọ́, sà, láàárọ̀?"

"Inú ọ̀rá ló ń wà, ma. Ọdún mẹ́fà. Mi ò pẹ́ rí. Kò sẹ́ni tó ṣàánú mi." Wọ́n wá jókòó.

Mummy fi ẹfun sílẹ̀. Wọn ò bá Uncle Máàtì wí, wọn ò kọ nǹkan kan sí bọ́ọ̀dù. Wọ́n kàn yí ojú sí prínsípà tuntun lẹ́yìn, gbogbo wa náà yíjú síbẹ̀. Prínsípà tuntun ti yọ aago lọ́wọ́, wọ́n ti fi í sápò.

Tíṣà obìnrin yẹn na ọwọ́ sókè. "Ma, tó bá di Mọ́ńdè, tí àwọn ọmọ bá pẹ́, kí la máa ṣe fún wọn?"

"Ẹ ṣí géètì fún wọn," prínsípà tuntun wí.

"Tí wọ́n bá wá ń pẹ́ lójoojúmọ́ ńkọ́, ma?"

"Ẹ máa ṣí i lójoojúmọ́."